Bí kárọ́ọ̀tì ṣe wá ta gbòǹgbò gidi lẹ́yìnkùlé wa ní Àkúrẹ́

Ní ọdún tó kọjá lọ́hùn-ún ni mo kọ́kọ́ gbin kárọ́ọ̀tì sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Òkè-Àró. Ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ débi pé àwọn tó ń kọjá ń yọjú wò ó. Ọjọ́ tí mo fà á tu, ó dùn mí dọ́kàn. Òmíràn ya ẹsẹ̀ mẹ́ta, òmíràn tínrín bí ìka ọmọ ọwọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo sì fi bomi rin ín.

Mo wá ìdí rẹ̀ títí mo fi rí i. Ẹni tó bá ti gbẹ́ ilẹ̀ ládùúgbò wa mọ̀ pé erùpẹ̀ dúdú òkè kì í jìn, yangí ló wà lábẹ́ rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ lè fara dà á, ewé la sáà ń jẹ lára tẹ̀tẹ̀. Ti kárọ́ọ̀tì yàtọ̀, gbòǹgbò rẹ̀ gan-an ni oúnjẹ. Ibi tí ṣóńṣó gbòǹgbò yẹn bá ti kan òkúta ló ti ń ya. Ìgbẹ́ adìẹ tútù tí mo dà sí i tún dá kún un. Èyí tó burú jù ni pé inú ike ni mo ti kọ́kọ́ hù ú, tí mo wá ṣí i nípò bí ẹni ń gbin tòmátì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí kárọ́ọ̀tì nípò láé. Ibi tí ẹ bá fọ́n ọn sí ni kó dàgbà sí.

Lẹ́ẹ̀kejì, mo dúró di ìparí òjò. Púpọ̀ nínú kárọ́ọ̀tì tí à ń rà ní Ọjà Ọba, Òkè Ọya ló ti ń wá, pàápàá agbègbè Jos tí ara ilẹ̀ tutù. Àwa kò ní òtútù Jos, ṣùgbọ́n a ní ọyẹ́, mo sì fẹ́ kí òru ọyẹ́ bá a nígbà tó bá ń sanra.

Ilẹ̀ ni mo fi ọjọ́ mẹ́rin bá jà. Mo gbẹ́ ẹ ní ẹsẹ̀ bàtà 10 ní gígùn, 3 ní fífẹ̀, ó sì jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Mo yá asẹ́ wáyà tí àwọn bíríkìlà fi ń jọ yẹ̀ẹ̀pẹ̀, mo jọ gbogbo erùpẹ̀ náà. Yangí bárò márùn-ún ló jáde! Mo fi yẹ̀ẹ̀pẹ̀ odò bárò méjì rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà láti oṣù Kẹta tí kò rùn mọ́, àti eérú díẹ̀. Mo wá kó o jọ ní ebè gíga.

Ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá ni mo gbìn ín. Irú kárọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Chantenay ni mo rà, torí ó kúrú, ó sì sanra. Irúgbìn náà kéré púpọ̀, nítorí náà mo pò ó mọ́ yẹ̀ẹ̀pẹ̀ gbígbẹ kó má bàa dà sójú kan. Mo fi igi fa ìlà mẹ́ta tí kò jìn ju èékánná lọ, mo fọ́n ọn, mo bo erùpẹ̀ fẹ́lẹ́ lé e, mo wá tẹ́ àpò tútù sórí rẹ̀. Láàárọ̀ lálẹ́ ni mo ń wọ́n omi sí àpò náà.

Ó di ọjọ́ kẹjọ, n kò rí nǹkan kan. Ìyá àgbà tó ń gbé ilé kejì rí mi níbi tí mo ti ń ṣí àpò wò. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ní sùúrù. Ṣé àgbàdo lo gbìn ni?" Ní ọjọ́ kejìlá ló hù, tínrín-tínrín bíi koríko. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo ká àpò kúrò. Ẹ ṣọ́ ẹni tó ń bá yín ro oko lásìkò yìí, ó lè rò pé èpò ni.

Iṣẹ́ tó nira fún mi jù ni fífa díẹ̀ kúrò nínú ohun tó hù dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é, lẹ́yìn tí mo bá ti bomi rin ilẹ̀, títí àlàfo ìka mẹ́ta fi wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Nígbà tí orí wọn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta, mo wa erùpẹ̀ bò ó, nítorí oòrùn máa ń sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, á sì korò. Ní oṣù Kìíní kànga wa lọ sílẹ̀. Mo pa omi jẹ fún ọjọ́ márùn-ún, mo wá da omi púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Méjìlá ló sán nítorí ìyẹn.

Ọjọ́ 5 oṣù Kejì ni mo tú u. Èyí àkọ́kọ́ jáde tọ́ọ́rọ́, ó pọ́n, ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì pariwo. Mo ka 131. Mo nu ọ̀kan, mo jẹ ẹ́ níbẹ̀. Mo kó ogún fún ìyá àgbà, wọ́n sè é mọ́ ẹ̀wà.

Tẹ̀tẹ̀ ló wà lórí ebè náà báyìí, torí n kò fẹ́ gbin kárọ́ọ̀tì léra lójú kan. Asẹ́ wáyà ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo ti ń fi jọ erùpẹ̀ ebè kejì.