Láti Èkó dé Salvador: bí ẹ ṣe lè múra ìrìn-àjò afẹ́ sí Bahia

Ìrìn Èkó sí Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl, kì í ṣe ìrìn wákàtí mẹ́fà bíi ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Bí ẹ bá gba Addis Ababa, bàálù mẹ́ta lẹ ó wọ̀: nǹkan bíi wákàtí márùn-ún dé Addis, nǹkan bíi méjìlá láti ibẹ̀ dé São Paulo, méjì ó lé díẹ̀ dé Salvador. Ẹ wá fi àkókò ìdúró láàárín wọn kún un, ilẹ̀ á ti ṣú, á sì ti mọ́. Inú tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kò rà dáadáa àti ọjọ́ kìíní tí wọ́n fi sáré kiri ni ìrìn-àjò yìí ti máa ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Ìlú Salvador fúnra rẹ̀ kì í dójú ti àlejò.

Tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé

Orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni kí ẹ ra gbogbo ìrìn náà sí. Ẹni tó bá ra ti São Paulo lọ́tọ̀, tó sì ra ti Salvador lọ́tọ̀ nítorí pé owó rẹ̀ dín, òun ló máa ra òmíràn bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́. Ẹ wo orúkọ pápákọ̀ náà pẹ̀lú. Guarulhos (GRU) ni bàálù tó ń ti òkèèrè bọ̀ máa ń bà sí, ṣùgbọ́n Congonhas (CGH), tó wà láàárín ìgboro, ni ọ̀pọ̀ bàálù abẹ́lé ti ń gbéra. Bí ẹ bá bà sí ọ̀kan tí bàálù Salvador yín sì máa gbéra ní èkejì, ẹ ó fi ẹrù la ìlú São Paulo já nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ti Èkó kò jù ú lọ. GRU sí SSA (pápákọ̀ Salvador) ni kó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín, kí àlàfo tó wà láàárín bàálù méjèèjì sì tó wákàtí mẹ́rin.

Bàálù kan ń lọ tààrà láti Lisbon sí Salvador, ó sì máa ń wọ èèyàn lójú nítorí pé kò kọjá São Paulo rárá. Àmọ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní físà ìrékọjá pápákọ̀ kó tó lè gba ibẹ̀, kódà bí ẹni tó ni ín kò bá ní jáde síta. Wọ́n yọ̀ǹda fún àwọn kan, bí ẹni tí físà Amẹ́ríkà rẹ̀ kò tíì kú. Ẹ yanjú èyí kí ẹ tó sanwó.

Físà Bràsíl fúnra rẹ̀, kọ́nsúlétì wọn ní Èkó tàbí ẹ́ḿbásì wọn ní Àbújá ló ń fún ni. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí ọjọ́ tó kù lórí pásípọ́ọ̀tù sì ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra, nítorí lẹ́yìn ọjọ́ kẹwàá ni yẹ́lò káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Kí orúkọ orí káàdì náà bá ti pásípọ́ọ̀tù mu létà sí létà.

Ẹrù

Iná Salvador jẹ́ 127 fóltì, ti wa sì jẹ́ 230 sí 240. Ẹ yí ṣájà fóònù yín dojú dé, kí ẹ ka kíkọ wínníwínní tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá kọ «100–240V», kò séwu. Áyọ́ọ̀nù tàbí ẹ̀rọ ìgbẹrun tó kọ «220–240V» nìkan yóò tàn, ṣùgbọ́n kò ní gbóná dé ibi tó yẹ, ẹ fi í sílé. Plọ́ọ̀gì wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta róbótó, nítorí náà tiwa tó ní ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ kò lè wọ ojú iná wọn. Adápítọ̀ onírú N ni kí ẹ rà ní Nàìjíríà kí ẹ tó lọ.

Inú àpò ọwọ́ ni power bank ń gbé, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù abẹ́ bàálù. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láìbéèrè ni 100 Wh (wọ́ọ̀tì-wákàtí, ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà). Ẹ fi 3.7 sọ mAh rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 1,000: ti 20,000 mAh jẹ́ 74 Wh, ó wọlé. Inú àpò ọwọ́ kan náà ni oògùn yín máa wà nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé dókítà, aṣọ ìpààrọ̀ kan, àti nǹkan olómi tí ike rẹ̀ kò ju mílílítà 100 lọ.

Ẹ má di obì, orógbó, ewé tútù tàbí ẹran gbígbẹ sẹ́rù, bó ti wù kí ọkàn yín fẹ́ mú nǹkan ilé lọ fún àwọn èèyàn Bahia tó. Àwọn tó ń ṣọ́ irúgbìn àti ẹran ní pápákọ̀ Bràsíl máa gbà á, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé yín. Aṣọ òfì tàbí àdìrẹ dára jù lọ fún ẹ̀bùn.

Nínú bàálù, àti lẹ́yìn rẹ̀

Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ bíi ti ọyẹ́. Ẹ mu ife omi kan ní wákàtí kan sí méjì, kí ẹ dín ọtí kù. Ẹsẹ̀ tó bá wà lójú kan fún wákàtí méjìlá máa ń wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan rẹ̀, nítorí náà ẹ dìde rìn ní wákàtí méjì-méjì, kí ẹ sì máa yí ọrùn ẹsẹ̀ níbi tí ẹ jókòó sí. Aboyún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ àti ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dì rí gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Guarulhos ni ẹ ti ń wọ Bràsíl, kì í ṣe Salvador. Bí wọ́n tilẹ̀ lẹ «SSA» mọ́ ẹrù yín láti Èkó, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó gbé e kúrò lórí bẹ́líìtì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lu òǹtẹ̀, ẹ ó gbé e kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ tún tó fi í sílẹ̀ fún bàálù abẹ́lé. Ẹni tó bá rìn kọjá bẹ́líìtì ní ìrètí pé ẹrù á bá òun ní Salvador máa dé ibẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo.

Agogo Salvador fi wákàtí mẹ́rin rẹ̀yìn sí ti Èkó. Nígbà tí aago méje alẹ́ bá lù níbẹ̀, aago mọ́kànlá ni ara yín mọ̀. Ẹ má sùn ní ọ̀sán. Ẹ jókòó síta títí ilẹ̀ fi máa ṣú, kí ẹ dúró dé aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọjọ́ kìíní kì í ṣe ọjọ́ ìrìn kiri.

Ìgboro

Ìlú òkè àti ìlú ìsàlẹ̀ ni Salvador. Elevador Lacerda, ẹ̀rọ àgbégòkè tó ti wà láti 1873, tó sì ga ní mítà 72, ló so wọ́n pọ̀. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ má fi ẹsẹ̀ gba àwọn ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pàápàá lálẹ́, torí ibẹ̀ ni àwọn jàǹdùkú ti ń já fóònù gbà. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ tó wà ní ìlú òkè, ó sì ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀. Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà ló bá a mu. Ẹni tó bá fẹ́ so okùn Bonfim (okùn pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń tọrọ ohun tí ọkàn ń fẹ́) mọ́ yín lọ́wọ́ «lọ́fẹ̀ẹ́» yóò béèrè owó lẹ́yìn kókó kẹta.

Lẹ́tà x wọn ni ṣ tiwa. Tí ẹ bá ti mọ èyí, gbogbo pátákó á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀: Oxum, Xangô, Oxóssi, axé. Ní Museu Afro-Brasileiro, ní Terreiro de Jesus, ẹ dúró pẹ́ níwájú pákó 27 tí oníṣẹ́ ọnà Carybé gbẹ́, òrìṣà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú irinṣẹ́ àti ẹranko rẹ̀. Casa do Benin, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa orílẹ̀-èdè Benin, wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Pelourinho. Tí ọjọ́ Túsìdé bá bọ́ sí i, ẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìlù ni wọ́n fi ń ṣe Máàsì níbẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì São Francisco, nítorí àjà rẹ̀ wó ní February 2025. Ní Dique do Tororó, ère òrìṣà mẹ́jọ dúró lójú omi. Ìrọ̀lẹ́ ló dára jù láti wò wọ́n.

Ilé òrìṣà, bíi Casa Branca tàbí Ilê Axé Opô Afonjá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, kì í ṣe ibi ìwòran. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá ọdún wọn ṣí sílẹ̀ fún àlejò. Aṣọ funfun ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ dúdú. Ẹ jókòó síbi tí wọ́n bá ní kí ẹ jókòó sí, torí ọkùnrin àti obìnrin lè máà jókòó pọ̀. Ẹ pa fóònù. Bí ẹ bá gbọ́ orin tí ohùn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ẹ má tún un ṣe fún wọn. Àwọn ìyá yẹn gba orin náà lẹ́nu ìyá tiwọn ní ìgbà tí ọlọ́pàá ń ya wọ ilé òrìṣà, ìyanu gidi ni pé ó ṣì wà.

Fún oúnjẹ, ẹ wá obìnrin tó wọ aṣọ funfun tó ń dín acarajé lẹ́bàá ọ̀nà. Àkàrà wa ni, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, kí wọ́n tó là á láàárín, kí wọ́n fi ilá, vatapá (ọbẹ̀ kíki tí wọ́n fi búrẹ́dì àti edé sè) àti edé gbígbẹ sínú rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ata, «quente» ni kí ẹ sọ. Lóòótọ́, «gbígbóná» ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ata ni wọ́n máa gbọ́. Ẹ ní kó fi díẹ̀ sí i ná.