Bí a ṣe ń gba owó ìdápadà lórí koríko tí a hú kúrò níwájú ilé ní Los Angeles

Ní gúúsù California, Metropolitan Water District, iléeṣẹ́ tó ń pín omi fún àwọn iléeṣẹ́ omi ìlú, ń dá dọ́là 2 padà fún onílé lórí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan koríko tó bá hú, tó sì gbin ewéko tí kì í mumi púpọ̀ dípò rẹ̀. Bó bá jẹ́ LADWP, iléeṣẹ́ omi àti iná ìlú Los Angeles, ló ń fún yín lómi, tiwọn á kún un, á di dọ́là 5. Kò kọjá 5,000 ẹsẹ̀ bàtà. Iye yìí máa ń yí padà, owó ètò náà sì máa ń tán, ẹ kọ́kọ́ wo SoCal Water$mart, ojú ìwé ètò náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ má fọwọ́ kan koríko rárá kí ìfọwọ́sí wọn tó dé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù nìyí: wọ́n á ti hú u tán kí wọ́n tó kọ fọ́ọ̀mù, kò sì ní sí ohun tí iléeṣẹ́ omi máa rí sanwó lé.

Ẹ fi tépù wọn ibi tí koríko wà nìkan, ẹ yọ ojú ọ̀nà mọ́tò kúrò. Ogójì ẹsẹ̀ bàtà ní gígùn, ọgbọ̀n ní ìbú, ó di 1,200: dọ́là 2,400, tàbí 6,000 lọ́dọ̀ LADWP. Ẹ ya fọ́tò láti igun púpọ̀, kí ara ilé hàn níbẹ̀, kí ẹ sì fi bíìlì omi àti àwòrán ohun tí ẹ fẹ́ ṣe tì í. Bí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò bá yarí pé koríko ni dandan, òfin California kò gbà wọ́n láyè.

Nínú àwòrán náà, ewéko mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà nínú 100 ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 36 fún 1,200. Salvia, ceanothus àti manzanita bá ojú ọjọ́ ibẹ̀ mu. Bí igi ṣe máa fẹ̀ tó bó bá dàgbà ni kẹ́ ẹ fi wọn àlàfo wọn, kì í ṣe bó ṣe rí nínú ike. Koríko oníke kò sí nínú ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Ohun kan tún gbọ́dọ̀ wà tó ń gba omi òjò dúró: àgbá, tàbí kòtò tí kò jìn. Ẹ jẹ́ kí kòtò náà fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé.

Lẹ́yìn ìfọwọ́sí, ọjọ́ 180 lẹ ní. Ẹ kọ fọ́ọ̀mù ní Okúdù, kẹ́ ẹ pa koríko nígbà tí oòrùn mú jù, kẹ́ ẹ sì gbin nǹkan ní Bélú tí òjò ń bọ̀. Ẹni tó bá gbìn ín ní Agẹmọ á kàn máa bomi rin òkú ewéko ni.

Koríko Bermuda ló le jù láti pa. Páálí tí a tẹ́ lé e lórí máa ń pa àwọn koríko mìíràn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò Bermuda á lu páálí jáde. Ẹ rẹ ilẹ̀, ẹ ta ọ̀rá tó mọ́ gaara lé e, ẹ fi erùpẹ̀ bo etí rẹ̀ yíká, kí ooru oòrùn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pa á. Nítòsí òkun tí kùrukùru máa ń bò, ooru rẹ̀ kì í tó. Ẹ gbẹ́ ẹ ni. Ẹ ká ọ̀rá náà kúrò kẹ́ ẹ tó gbin nǹkan. Kẹ́ ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ẹ pe 811, ọ̀fẹ́ ni, kí wọ́n wá sàmì síbi tí páìpù gáàsì gbà.

Páìpù tó ń kán omi ló máa rọ́pò sprinkler, ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sórí koríko. Lẹ́yìn fáàfù, ẹ fi asẹ́ sí i, lẹ́yìn náà regulator, ohun tó ń dín agbára omi kù, tí kò ju 30 psi (ìwọ̀n agbára omi) lọ. Láìsí i, agbára omi láti ìgboro á fa ìsopọ̀ rẹ̀ já. Ẹ dé gbogbo orí sprinkler àtijọ́ pa. Igi ńlá tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi koríko ló ń mu. Ẹ fún un ní páìpù tirẹ̀ lábẹ́ etí ẹ̀ka rẹ̀, kì í ṣe nídìí.

Ẹ da èèpo igi wẹ́wẹ́ lé ilẹ̀, kó ga tó íǹṣì mẹ́ta, láìkan ìdí ewéko. Fún 1,200, ó tó yáàdì 11 bí àwọn tó ń tà á ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ tún ya fọ́tò láti igun tí ẹ ti yà á tẹ́lẹ̀, kí ẹ kó rìsíìtì tì í, kí ẹ fi ránṣẹ́ kí ọjọ́ 180 tó pé. Wọ́n lè wá yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n tún lè béèrè W-9, fọ́ọ̀mù owó orí, nítorí ìjọba àpapọ̀ lè ka owó náà mọ́ owó tó wọlé fún yín. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣe owó orí.