Bí a ṣe ń gbé àgbàlagbà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì láì ba ẹ̀yìn ara wa jẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbà l'Ékìtì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni mo bá wá, torí ìgbà tí èmi náà ń ṣe é l'Adó, mo dá gbé màmá kan nídàájí ọjọ́ kan, àwa méjì ló yẹ ká wà ńbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹnì kejì ò tíì dé, màmá sì ti tọ̀ sára, mo ní kí n tètè ṣe é, ni ẹ̀yìn mi bá dún kọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi lè bẹ̀rẹ̀ gbálẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n, ẹ kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. "Màmá, a fẹ́ lọ jókòó lórí àga o, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é." Ẹni tó mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbé òun á bá yín gbéra, ẹni tẹ́ ẹ bá já lù lójijì, ọrùn yín ló máa dì mú. Ẹ wá wò ó bóyá ẹsẹ̀ wọn lè gbà wọ́n dúró. Tí ò bá lè gbà wọ́n, ẹ má dá a ṣe, ẹ dúró de ẹnì kejì, kódà kí ọ̀gá máa pariwo.

Ẹ gbé àga onítáyà sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, lápá ibi tí ara wọn ti le jù, ẹ tẹ bíréèkì rẹ̀, ẹ ká ibi tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé kúrò lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, bíréèkì yẹn! Ilẹ̀ táìsì ń yọ̀.

Ẹ yí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ sọ ẹsẹ̀ wọn sílẹ̀, ẹ bá wọn jókòó dìde, kí wọ́n wà ńbẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àgbà máa ń já wálẹ̀ tí wọ́n bá dìde lójijì, pàápàá àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á wó lù yín.

Wàyí o, ẹ ya ẹsẹ̀ yín, kí ọ̀kan wà níwájú díẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, ẹ má tẹ ẹ̀yìn. Ṣé ẹ ti rí bí àwọn ìyá wa tó ń ru iṣu bọ̀ láti oko ṣe ń dìde? Orúnkún ni. Ẹ fà wọ́n mọ́ra, ẹ dì wọ́n mú níbàdí, ẹ má fa apá wọn, ẹ má sì kì wọ́n lábíyá gbé, èjìká àgbà tètè ń yẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kẹ́ ẹ jọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé, ẹ má lọ́ ìbàdí.

Tí wọ́n bá ń ṣubú lọ, ẹ má bá a jà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rọra fara ti ẹsẹ̀ yín bọ́ sílẹ̀, ẹ dáàbò bo orí wọn, ẹ wá képe èèyàn.

Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́, ìbọ̀wọ́ ni, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má da jíìkì pọ̀ mọ́ oògùn fífọ ṣáláńgá, èéfín tó máa jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò, ẹ má dé e padà. Tó bá gún yín, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ náà, torí oògùn tó ń dènà HIV kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ọjọ́ 28 lẹ máa fi lò ó.

Ẹ̀yìn bá dùn yín lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má fi pamọ́. Òfin 2010 tó wà fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa ní kẹ́ ẹ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14, ọ̀gá náà á wá fi tó àwọn NSITF, àjọ ìjọba tó ń sanwó ìrànwọ́ fún òṣìṣẹ́ tó fara pa, létí láàárín ọjọ́ 7. Ẹ kọ ọ́ síwèé, kẹ́ ẹ sì mú ẹ̀dà kan sọ́wọ́.