Ajá Gé Ọmọ Jẹ, Gìrì Mú Ọmọ: Ohun Tí Wọ́n Ń Bi Èmi Nọ́ọ̀sì Láti Ìyàrà dé Ìsánlú ní Kogí

Ẹ̀jẹ̀ ń dà nímú ọmọ. Ṣé kí n gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn?

Rárá. Kó jókòó, kó tẹ orí síwájú, kó máa fi ẹnu mí. Ẹ fún ibi tó rọ̀ nímú rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ má tú u wò.

Sálẹ́ńsà ọ̀kadà jó mi lẹ́sẹ̀. Ẹyin ni àbí ọṣẹ ìfọyín?

Omi! Omi tútù, fún ìṣẹ́jú 20. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa fi igbá bù ú dà sí i. Gbogbo ohun tí ẹ bá fi lẹ̀ ẹ́, ẹni tó máa tọ́jú yín ló máa họ ọ́ kúrò, ẹ̀yin lẹ ó sì jẹ ìrora rẹ̀.

Òkèlè iyán há bàbá lọ́fun.

Bó bá ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kó wúkọ́. Bí kò bá lè wúkọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká nígbà márùn-ún. Kò jáde? Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gbé ẹ̀ṣẹ́ lé òkè ìdodo, ẹ fà á wọnú àti sókè nígbà márùn-ún, kí ẹ tún padà sí èjìká. Ẹ má fún un lómi.

Gìrì mú ọmọ. Ìyá àgbà ní ká na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná.

Ẹ bẹ ìyá àgbà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀. Kò sí ṣíbí lẹ́nu, kò sí àgbo, kò sí ìtọ̀ màlúù. Bí gìrì náà tilẹ̀ dáwọ́ dúró, ẹ gbé e lọ ọsibítù, torí ibà lè ti gun orí.

Ajá wa gé ọmọ jẹ díẹ̀. Ajá ilé ni, kò dìgbòlugi. Ṣé ọsibítù ṣì kàn án?

Ó kàn án. Lónìí.

Bàbá kan lẹ́bàá Ìyàrà bi mí ní ìbéèrè yìí gan-an. Tanímọ̀la, ajá tó ń bá a lọ sóko, ló gé ọmọ-ọmọ rẹ̀ jẹ nídìí àwo oúnjẹ. Wọ́n ti sun irun ajá náà, wọ́n fi epo pupa pò ó lẹ ojú egbò. Mo fọ gbogbo rẹ̀ dànù, mo fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ọṣẹ ń pa kòkòrò àrùn dìgbòlugi. Epo ò lè pa á. Bàbá ní, "Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ mi ni mo fi tọ́ ajá yìí." Mo bi í bóyá ajá náà gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà dìgbòlugi rí. Kò gbà á rí. Ṣé ó máa ń bá ajá mìíràn jà lóko? Ó dákẹ́.

Ibi tí a kọ́kọ́ lọ, abẹ́rẹ́ ti tán. Lọ́kọ́ja la ti rí i. Wọ́n gún ọmọ náà lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 3, ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 14. Mo bẹ bàbá pé kó má pa ajá náà, kó so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ 10 ká lè máa ṣọ́ ọ. Ajá já okùn, ó wọgbó, a ò rí i mọ́.

Ìgbà yẹn ni ìjà gan-an bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, egbò ti jiná, bàbá ní owó mọ́tò ti pọ̀ jù. Mo lọ bá a lóko káṣú rẹ̀. Mo sọ fún un pé àrùn yìí kì í gbé ojú egbò: inú iṣan ìmọ̀lára ló ń rìn títí dé ọpọlọ, ó sì sábà máa ń gbà á ní oṣù 2 sí 3. Ọjọ́ tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún omi, kò sí dókítà tó lè gbà á sílẹ̀ mọ́. Bàbá ta káṣú, ọmọ sì gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé.

Ajá mi ń gbọ̀n, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Bóyá oògùn eku ló jẹ.

Ó lè jẹ́ oògùn eku, ó lè jẹ́ dìgbòlugi. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ro epo sí i. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹ pe dókítà ẹran, ẹ fi páálí oògùn hàn án bí ẹ bá rí i. Bí itọ́ rẹ̀ bá kan ojú egbò lára yín, ọṣẹ àti omi fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ.