Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìgbì ohùn yẹ YBCO wò, ẹ yé fi owó ṣòfò

Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí. YBCO ni ohun èlò tó máa ń gbé iná mànàmáná láìsí ìdíwọ́ rárá bí ó bá tutù dáadáa. Mo máa ń rí ọ̀dọ́ tó ra ẹ̀rọ olówó gọbọi, tó ń ra náítírójìn olómi tí a fi ń mú ègé tutù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì jẹ́ pé gíríìsì tó fi so ẹ̀rọ mọ́ YBCO ló ń wọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́.

1. Ẹ má fi omi so transducer (ẹ̀rọ kékeré tó ń rán ìgbì ohùn, tó sì ń gbà á) mọ́ YBCO. Omi ń jẹ ẹ́.

2. Ẹ wọn ìwúwo ègé YBCO yín kí ẹ tó wọn ìyára ìgbì. Tí kò bá ní ihò rárá, èyí tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà kan á tó giráàmù 6.38. Èyí tí a sun nínú iná kì í tó bẹ́ẹ̀, ihò inú rẹ̀ sì ń dín ìyára kù.

3. Gíríìsì. Òun gan-an ló mú mi kọ̀wé yìí. Bí ẹ bá ń mú ègé tutù, gíríìsì tó wà láàárín òun àti transducer á kọ́kọ́ le, á wá dì gbagidi. Bó ṣe ń dì, á máa gbé ìgbì mì, òkè kan á sì yọ lórí gíráàfù. Ó ṣe mí rí. Òkè kan yọ nítòsí 200 K (K ni kelvin, òṣùwọ̀n ìgbóná; 200 K jẹ́ nǹkan bí −73 °C), oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wá ìdí rẹ̀ nínú YBCO. Ọ̀gá mi ló ní kí n so transducer kan náà mọ́ ègé idẹ. Òkè náà tún yọ síbi kan náà gẹ́lẹ́! Idẹ kò ní ohunkóhun tó ń yí padà níbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, n kò lè sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára idẹ. Ẹ jẹ́ kí gíríìsì fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ẹ má sì kánjú mú un tutù, torí ègé àti transducer kì í súnkì bákan náà. Ìsopọ̀ á sán, ìgbì á pòórá lójijì, ẹ ó sì rò pé ẹ ti ṣàwárí.

Ẹ tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá ń móoru padà. Nínú YBCO, ìlà àlọ àti ìlà àbọ̀ kì í bára mu láàárín nǹkan bí 60 sí 240 K, ìwádìí tó dá lórí àlọ nìkan sì ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ní ti 92 K tí gbogbo yín ń lépa, níbi tí YBCO ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iná láìsí ìdíwọ́, ìyípadà ìyára níbẹ̀ kéré jọjọ. Ara ègé gan-an ni kí tẹmọ́mítà wà, kì í ṣe ara irin tó gbé e dání.