Bí mo ṣe fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù rọ ọ̀bẹ

Ọ̀bẹ tí ìyàwó mi fi ń gé iṣu báyìí, abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù ló wà tẹ́lẹ̀. Èmi ni mo rọ ọ́. Ìkejì nìyí o; àkọ́kọ́ dá sí méjì.

Mo kọ́ nípa irin ní poli, mo sì yege, àmọ́ orí pátákó ni gbogbo ẹ̀ parí sí. N ò fọwọ́ kan ẹ̀mú rí. Nígbà tí mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ilé arọ wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo ní mo fẹ́ rọ ọ̀bẹ. Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ akọ̀wé yìí?"

Irin gan-an ni mo kọ́kọ́ wá. Irin pẹlẹbẹ tí àwọn wẹ́dà fi ń ṣe ilẹ̀kùn kò wúlò fún èyí: kábọ̀nù, èròjà tó ń mú irin le, kéré nínú rẹ̀, bó o bá fi iná sun ún títí tó o sì tì í bọ omi, kò ní le tó ohun tó ń gé nǹkan. Ti sípíríǹgì tó bíi 0.6 nínú ìdá 100, ìyẹn sì tó. Kí n má baà ra ohun tí n ò mọ̀, mo ní kí wẹ́dà kan fi ẹ̀rọ tó fi ń lọ irin kan méjèèjì. Iná tó ń ta lára irin ilẹ̀kùn gùn gbọọrọ. Ti sípíríǹgì ń là sí ẹ̀ka ẹ̀ka, ó ń fọ́n ká bí ìràwọ̀.

Bàbá ní kí n fi í sínú iná títí yóò fi pọ́n, kí n wá rì í mọ́ inú eérú di ọjọ́ kejì. Irin tó bá rọra tutù a máa rọ̀. Nígbà tó di àárọ̀, ayùn ń jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́. Mo gé e, mo fi fáìlì fá a, mo lu ihò méjì síbi tí èèkù máa wà. Mo fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ kó ṣì nípọn díẹ̀, torí bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó lè wọ́ nínú iná.

Ibi tí mo ti ṣìṣe rèé. Bàbá lọ kírun, ó ku èmi nìkan nídìí ẹwìrì. Mo rò pé bó bá ṣe gbóná tó ló ṣe máa le tó, ni mo bá ń fín iná títí irin fi fẹ́ẹ̀ funfun. Mo tì í bọ garawa omi. Ó dún ṣàà, mo sì gbọ́ "tíń" kékeré kan lẹ́yìn náà, bí ìgbà tí ife bá sán. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ báyìí, ó dá.

Bàbá kò bínú. Wọ́n yí ojú ibi tó ti dá sí oòrùn. "Wò ó, gàrí ni." Lóòótọ́, wóró wóró ni inú rẹ̀, ó ń dán. Bí iná bá pọ̀ jù, ńṣe ni wóró inú irin ń tóbi sí i, irin a sì di ẹlẹgẹ́. Omi tún wá dá kún un: ó tètè gba ooru lẹ́nu ọ̀bẹ nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì gbóná, ni wọ́n bá ń fa ara wọn ya.

A dúró di ìrọ̀lẹ́ kí a tó ṣe ìkejì, torí oòrùn kì í jẹ́ kí èèyàn mọ àwọ̀ iná. Mo yọ òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́. Òòfà kì í fa irin mọ́ bó bá ti gbóná tó nǹkan bíi 770 lórí ìwọ̀n Celsius. Mo ń mú ọ̀bẹ jáde, mo ń kàn án: ó fà á, ó tún fà á, nígbà tó yá kò fà á mọ́. Mo dá a padà sínú iná kó pọ́n díẹ̀ sí i, mo wá tì í bọ òróró ẹ̀pà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sí "tíń". Òórùn àkàrà gba gbogbo ilé arọ.

Fáìlì ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni ń fá gíláàsì. Inú mi ti ń dùn, Bàbá ní bó bá bọ́ lọ́wọ́ mi báyìí, á fọ́. Nínú iná, kábọ̀nù tàn ká inú irin. Òróró wá mú un lójijì, kò ráyè jáde, ó há mọ́bẹ̀ bí èrò inú dánfó ìrọ̀lẹ́. Híhá tó há yẹn ló mú irin le, òun náà ló mú un ṣeé fọ́. Ó yẹ ká tún fi ooru díẹ̀ kàn án, kí díẹ̀ nínú èrò yẹn lè sọ̀ kalẹ̀.

Mo fi sáńpépà nù ún títí ó fi ń dán. A mú irin nípọn kan pọ́n, mo gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ lé e, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ẹ̀yìn: pupa rúsúrúsú bíi koríko gbígbẹ, búráùn, àlùkò, lẹ́yìn náà búlúù. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń hù lójú irin, tó ń nípọn bí ooru ṣe ń pọ̀, bí àwọ̀ epo bẹntiróòlù lórí omi òjò níwájú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Bí àwọ̀ koríko ṣe dé ẹnu báyìí, ìyẹn bíi 230, mo já a bọ omi. Ẹ̀yìn ti di búlúù, ó ti tó 300. Ẹnu le, ẹ̀yìn sì lè tẹ̀ kó má dá.

Igi àti gọ́ọ̀mù Araldite ni mo fi ṣe èèkù. Orí òkúta tó tutù ni mo ti pọ́n ọn. Ẹnì kan ní kí n gbé e fún wẹ́dà kó yá, mo kọ̀: bí ẹnu rẹ̀ bá di búlúù lórí ẹ̀rọ, líle rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Kí n tó máa lọ, Bàbá mú ẹ̀là sípíríǹgì kan tí a jọ tì bọ òróró pẹ̀lú ìkejì, wọ́n fi òòlù gbá a, wọ́n nà án sí mi láìsọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ ṣú eérú, ó kúnná.

"Ẹ̀lùbọ́ ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n wá fín iná, ọkọ́ mẹ́ta ṣì wà nílẹ̀.