Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Lílo Oògùn Jẹjẹrẹ Ọmú Tí Ó Ti Tàn Ká Ara

Obìnrin tí ó bá ti Ọmùò wá gba oògùn ní Adó-Èkìtì mọ iye tí ó san, ó sì mọ iye hóró tí dókítà ní kí ó máa lò. Ohun tí kì í sábà mọ̀ ni ìwọ̀n oògùn náà tí yóò dé inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Oúnjẹ, ẹ̀dọ̀ àti àwọn oògùn mìíràn ni ó ń pinnu ìyẹn, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àṣìṣe ti ń wọlé.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a máa lo oògùn kan bí a ṣe ń lo òmíràn. A máa ń kọ lapatinib àti capecitabine papọ̀ fún àwọn kan tí HER2 (èròjà kan tí ń mú kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ máa dàgbà) pọ̀ lára jẹjẹrẹ wọn, ṣùgbọ́n ìlò wọn kò bára mu rárá. Láàárín ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn oúnjẹ ni a ń lo capecitabine. Lapatinib ní tirẹ̀ kò fẹ́ oúnjẹ nítòsí: ó kéré tán, wákàtí 1 ṣáájú oúnjẹ tàbí wákàtí 1 lẹ́yìn rẹ̀. Bí ènìyàn bá gbé e mì lórí iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí epo rẹ̀ ń yọ̀, ìwọ̀n tí yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè tó ìlọ́po 4 èyí tí ì bá wọlé bí inú bá ṣófo. (Èmi kò bá iyán jà o, ọmọ Èkìtì ni mí.)

Hóró lapatinib 5 ti mìlígíráàmù 250 ni a ń lò lẹ́ẹ̀kan náà lóòjọ́ nígbà tí capecitabine bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí pé ó pọ̀ lójú, àwọn kan a pín in sí àárọ̀ àti alẹ́, wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni ara yóò ṣe gbà á. Òdìkejì ni ó ń ṣẹlẹ̀: bí a bá pín in, èyí tí ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 2, bẹ́ẹ̀ iye hóró kò yí padà.

Ẹ má ṣe fi oògùn mìíràn pamọ́ fún dókítà. Rifampicin tí a fi ń wo ikọ́ ife àti carbamazepine tí a fi ń wo wárápá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára ba lapatinib àti palbociclib (oògùn jẹjẹrẹ ọmú mìíràn) jẹ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, nígbà tí ọsàn gerepú ń ṣe òdìkejì rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ kan náà ni ó ń sọ tamoxifen, tí òun náà jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ ọmú, di endoxifen tí agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti tamoxifen lọ, paroxetine àti fluoxetine tí a fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì lè dí i lọ́wọ́. Kódà oògùn ẹ̀jẹ̀ tí folic acid wà nínú rẹ̀, èyí tí a kì í kà sí nǹkan, lè mú kí ìpalára capecitabine le sí i. Àgbo tí kò sí ẹni tí ó wọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?

Àṣìṣe kan wà tí àwọn onímọ̀ pàápàá ti ṣe, òun ni èrò pé bí oògùn bá ṣe pọ̀ tó ni ẹ̀mí yóò ṣe gùn tó. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, wọ́n fún ọ̀pọ̀ obìnrin ní oògùn tí ó le débi pé ó ń run mùdùnmúdùn egungun wọn, tí wọ́n sì ní láti fi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti gbà lára wọn pamọ́ tẹ́lẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìwádìí ńlá tí ó jáde ní ọdún 2000 fi hàn pé ẹ̀mí wọn kò gùn ju ti àwọn tí ó gba ìwọ̀n tí a mọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni a rí i pé àwọn tí T-DM1 (oògùn kan fún jẹjẹrẹ ọmú tí HER2 pọ̀ lára rẹ̀) kéré nínú ẹ̀jẹ̀ wọn kì í pẹ́ láyé tó àwọn yòókù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a yára sọ pé kí a fi kún un, nítorí pé ara ẹni tí àìsàn ti wọ̀ lára gan-an a máa tètè lo irú oògùn bẹ́ẹ̀ tán. Àìsàn náà lè jẹ́ ohun tí ó fa ìwọ̀n sílẹ̀. Nínú jẹjẹrẹ àpò oúnjẹ, wọ́n ti fi kún ìwọ̀n trastuzumab, oògùn mìíràn tí ń dojú kọ HER2, wò. Ó pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀mí kò gùn sí i.

Nítorí náà, bí dókítà bá dín palbociclib kù láti mìlígíráàmù 125 sí 100 nítorí pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kì í ṣe pé ó ti sọ ìrètí nù. Ẹ má ṣe fi ara ríro pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé wọn yóò dín in kù, ẹ má sì ṣe lo oògùn náà ní ọjọ́ 7 ìsinmi tí ó tẹ̀lé ọjọ́ 21. Ẹni tí ó bì lẹ́yìn tí ó gbé e mì kò gbọdọ̀ lo òmíràn lọ́jọ́ náà. Ti ọ̀la ni yóò lò, ní àkókò rẹ̀.